2/9 tàbí 1/4? Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Láti Mọ Ìdá Tó Tóbi Jù

Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Bí ẹbí bá pín ogún rẹ̀ ní ìdí-igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ì báà jẹ́ ọmọ kan ló bí, ì báà jẹ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ká ní ọmọ méjì ni ìyá yín bí fún un, ìpín wo lẹ óò gbè lẹ́yìn? Ní orí-ò-jorí, ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ gba 2/9. Ní ìdí-igi, 1/4 ni.

Mi ò hùmọ̀ iye ìyàwó àti iye ọmọ yẹn o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ẹjọ́ ogún tó ti Èkó dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa nígbà náà, tí wọ́n sì dá ní 1962. Ìdí-igi ló borí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù lọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ bá, yóò sọ fún yín pé 1/4 jẹ́ 0.25, 2/9 sì jẹ́ 0.2222, tí 2 náà ò ní tán láéláé. Bó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀ alágbèélébùú tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa ní pírámárì lẹ rántí, 2 lọ́nà 4 jẹ́ 8, 1 lọ́nà 9 jẹ́ 9, 1/4 ló jù. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú méjèèjì. Àmọ́ ẹ tún ìdá náà wò. 1/4 kò yàtọ̀ sí 2/8. Ẹ wá gbé 2/8 síwájú 2/9. Ohun kan náà tí a gé sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹyọ kan rẹ̀ yóò tóbi ju ẹyọ kan nínú èyí tí a gé sí mẹ́sàn-án, méjì méjì la sì mú. Ó ti tán. Bó bá wá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ni ìyá yín bí ńkọ́? 3/9 ni yóò kàn yín ní orí-ò-jorí, ìyẹn 1/3, ó sì ti ju 1/4 lọ. Ẹ̀yin lẹ óò máa pariwo orí-ò-jorí kiri àgbàlá.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn òbí tó ń kó ọmọ wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ mi fà nìyẹn. Ọ̀nà tí a fi ń fi ìdá méjì wéra pọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dára jù fún gbogbo wọn. Àwọn nọ́ńbà tó wà níwájú yín ló ń sọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kẹ́ ẹ tó mú bírò.

Bí ìsàlẹ̀ bá bára mu, bí òkè bá bára mu

Ìsàlẹ̀ tó bára mu kò ní wàhálà nínú. 3/8 àti 5/8, bákan náà ni wọ́n ṣe gé wọn, ẹni tó mú ẹyọ márùn-ún ló mú púpọ̀. Káfíńtà tó ń wo téèpù rẹ̀ kì í ṣe ju èyí lọ. Wọ́n ti pín ínǹṣì kọ̀ọ̀kan lórí téèpù sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá bi í léèrè èwo ló nípọn nínú pákó 5/8 àti 9/16, ìlà ni yóò kà: 5/8 bọ́ sórí ìlà kẹwàá, 9/16 bọ́ sórí ìlà kẹsàn-án. Kò sọ nǹkan kan di púpọ̀, kò sì ní ṣì í.

Òkè tó bára mu ló ń gbé ọmọdé ṣubú, ó sì ń gbé àgbà náà. Ní àwọn ọdún 1980, ilé oúnjẹ A&W ní Amẹ́ríkà gbé bọ́gà kan jáde tí ẹran inú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta pọ́n-ùn, kí wọ́n lè fi bá Quarter Pounder ti McDonald's díje, èyí tí ẹran tirẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹran ti A&W pọ̀ jù, owó rẹ̀ kò sì ju ti èkejì lọ. Síbẹ̀ kò tà. Alfred Taubman, tó ni A&W nígbà náà, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí àwọn bi àwọn oníbàárà léèrè, àwọn kan dáhùn pé kí ló dé táwọn á fi san iye kan náà fún 1/3 nígbà tí ẹlòmíì ń ta 1/4. Mẹ́rin ni wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, ni wọ́n bá gbà pé mẹ́rin ló pọ̀.

Èdè wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdáhùn náà tán fúnra rẹ̀. "Ìdá kan nínú mẹ́rin": a pín in sí mẹ́rin, a mú ọ̀kan. Ọmọ tó bá sọ ọ́ lódindi báyìí kì í sábà ṣì í. Ìgbà tí a bá ké e kúrú sí "ìdámẹ́ta" àti "ìdámẹ́rin" ni etí máa ń gbá mẹ́rin mú, tó sì ń gbàgbé pípín. Nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ tán pátá. Fún àwọn tó bá ṣì ń jiyàn, ìdámẹ́wàá ni mo fi ń mú wọn. Bí pásítọ̀ bá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi tó ní láti òní lọ, ìdámárùn-ún ni kí kálukú máa san dípò ìdámẹ́wàá, ṣé ìjọ yóò pàtẹ́wọ́ pé ó bá àwọn dín in kù? Kò sẹ́ni tí yóò mú tábìlì ìṣírò kó tó mọ̀ pé owó ti pọ̀ sí i.

Bí òkè kò bá tíì bára mu, ẹ wò ó bóyá ó lè bára mu láìṣe wàhálà, bí a ṣe sọ 1/4 di 2/8 lẹ́ẹ̀kan. Inú ìwé iléèwé kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní èyí. Ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn láti mú bára mu. Àṣìṣe ni, lójú tèmi. 3/7 àti 6/13: ẹ sọ 3/7 di 6/14, ẹ ti mọ̀ pé 6/13 ló tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìsàlẹ̀ wọn bára mu yóò dé 91 kó tó sinmi.

Ìdajì

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdajì. Ẹ sọ nọ́ńbà òkè di ìlọ́po méjì, ẹ fi wé ìsàlẹ̀: bó bá ju ìsàlẹ̀ lọ, ìdá náà ti kọjá ìdajì, bí kò bá tó o, kò tíì dé ìdajì. 4/7 ńkọ́? Ìlọ́po méjì 4 jẹ́ 8, ó ju 7 lọ. 5/11 ńkọ́? 10 ni, kò tó 11. Ọ̀kan wà lókè ìdajì, èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú ìdá méjì tí mi ò mọ̀ rí nìyí, torí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Ibi tó ti ń dùn ni ìgbà tí méjèèjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká fi búrẹ́dì ṣe é. Tábìlì kan wà níbi àpèjẹ, èèyàn mẹ́jọ ló jókòó sí i, búrẹ́dì márùn-ún ni wọ́n gbé fún wọn. Tábìlì kejì, èèyàn márùn-ún, búrẹ́dì mẹ́ta. Èwo lẹ máa lọ jókòó sí? 5/8 ni wọ́n ń jẹ níhìn-ín, 3/5 ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Kò sí èyí tí òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bára mu, méjèèjì sì ti kọjá ìdajì.

Ẹ gbé ọ̀bẹ. Ní tábìlì àkọ́kọ́, ẹ la búrẹ́dì mẹ́rin sí méjì méjì, ó di ìlàjì mẹ́jọ, kálukú gba ìlàjì kan. Ó ku odindi kan. Ẹ gé e sí mẹ́jọ. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/2 pẹ̀lú 1/8. Ní tábìlì kejì, ẹ la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó di ìlàjì mẹ́fà, àwọn márààrún gba kọ̀ọ̀kan. Ó ku ìlàjì kan. Ẹ gé e sí márùn-ún, gígé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdámẹ́wàá odindi búrẹ́dì. 1/2 pẹ̀lú 1/10 nìyẹn. Ìdajì kan kò ju ìdajì kejì lọ, ohun tí wọ́n fi lé e lórí ló kù ká wò, 1/8 sì ju 1/10 lọ. Tábìlì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí.

Bí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ṣe ń pín búrẹ́dì gan-an nìyẹn. Akọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Ahmes, tó da ìwé ìṣírò kan kọ sórí papírù ní nǹkan bíi 1550 ṣáájú ìbí Jésù. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí. Ọ̀kan nínú ìbéèrè inú rẹ̀ ni bí ọkùnrin mẹ́wàá yóò ṣe pín búrẹ́dì mẹ́fà. Ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ni 1/2 pẹ̀lú 1/10, ìpín kan náà tí a rí ní tábìlì kejì wa. Yàtọ̀ sí 2/3, ìdá tí òkè rẹ̀ jẹ́ 1 nìkan ni wọ́n ń lò nínú ìwé náà. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń fi wàhálà wá wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ìdá báyìí, èyí tó tóbi jù ń fi ara rẹ̀ hàn láìsí ìṣírò kankan, bí ẹni ka ẹran nínú àwo.

Ohun tó kù kó pé

Bí òkè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀, bíi 7/8 àti 8/9, ẹ má wo ohun tí wọ́n mú, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ó ku 1/8 kí ti àkọ́kọ́ pé, ó ku 1/9 kí ti èkejì pé. 1/9 kéré ju 1/8 lọ, nítorí náà 8/9 ló sún mọ́ odindi jù, òun ló tóbi.

Ọmọ kan máa ń wà nínú kíláàsì tí yóò ní ọgbọọgba ni méjèèjì, torí pé ẹyọ kan ló kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò kì í bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wí. Ó ti rí ẹyọ kan tó kù. Bí ẹyọ náà ṣe tóbi tó ni kò tíì rò. Ẹ fún un ní 1/2 àti 99/100. Ẹyọ kan náà ló kù níbẹ̀, yóò sì rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Èyí tó le jù ni ti ọmọ tó ka iye ẹyọ tó kù: nínú 5/8, mẹ́ta ló kù, nínú 3/5, méjì ló kù, ó wá ní 3/5 ló tóbi torí ohun tó kù níbẹ̀ kéré. A ti rí i níbi búrẹ́dì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohun tó kù kò bá jẹ́ ẹyọ kan ní ìhà méjèèjì, ẹ má fi ọ̀nà yìí kọ́ ọmọ kékeré.

Alágbèélébùú àti ìsàlẹ̀ àjọni

Àwọn ìdá kan wà tí kò gbọ́ èdè kankan nínú gbogbo èyí. 5/7 àti 7/10, fún àpẹẹrẹ. Níbí ni mo ti máa ń gba alágbèélébùú láàyè: 5 lọ́nà 10 jẹ́ 50, 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, 5/7 ló fi díẹ̀ jù.

Ẹ̀sùn méjì ni mo ní sí i. Àkọ́kọ́, ọmọ máa ń gbé ìdáhùn sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣe ìṣirò náà dáadáa, ó rí 50 àti 49, ó wá kọ 50 sórí 7/10. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ó máa kọ ìdáhùn sókè ìdá tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ wà nínú ìsọdipúpọ̀ náà: 5 ni òkè 5/7, nítorí náà orí 5/7 ni 50 gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lò ó, àti ọ̀pọ̀ òbí pẹ̀lú, kò mọ ohun tí 50 náà jẹ́. 50/70 ni. 49 náà, 49/70 ni. Ìsàlẹ̀ àjọni ni alágbèélébùú láti ìbẹ̀rẹ̀, a kàn fi 70 pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Ẹni tó bá kọ 70 náà jáde yóò rí i pé 1/70 péré ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Ẹni tí kò kọ ọ́ kò ní mọ̀ bóyá púpọ̀ ni tàbí díẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì kò ju ìwọ̀n iṣẹ́ lọ. Bí ìsàlẹ̀ méjì kò bá ní nǹkan pọ̀, bíi 7 àti 10, ẹ lo alágbèélébùú. Bí wọ́n bá ní nǹkan pọ̀, bíi 5/12 àti 7/18, 12 àti 18 jọ wọ inú 36: 15/36 àti 14/36, nọ́ńbà kékeré, ojú ò ní pọ́n ọmọ. Bí ìdá bá sì ti di mẹ́ta, ẹ gbàgbé alágbèélébùú pátápátá. Ẹ gbé 5/6, 3/4 àti 7/9 kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa ṣe alágbèélébùú kẹ́ ẹ tó tò wọ́n. Ṣùgbọ́n 36 gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 30, 27, 28. Ẹ ti tò ó tán.

Fóònù àti ìdá ọgọ́rùn-ún

Máàkì ìdánwò ni ìdá ọgọ́rùn-ún wúlò fún jù. 17/20 nínú ìṣirò, 21/25 nínú Yorùbá: 85 àti 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 4, 5, 10, 20, 25 tàbí 50 ni mo ń lò ó láìwo fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ṣe gbogbo rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí, bí kò bá ṣáà gé nọ́ńbà rẹ̀ kúrú jù. Ẹni tó gé 1/3 sí 0.33 yóò gbà pé ọ̀kan náà ni ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́ta àti ẹ̀dínwó ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí aṣọ ₦9,000, ₦3,000 ni wọ́n yọ fún un ní àkọ́kọ́, ₦2,970 ní èkejì.

Bí èmi yóò ṣe yàn án nìyí, nínú àwọn ìdá tí ẹ lè gbé fún ọmọ yín lálẹ́ òní:

| Ìdá méjì | Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí | Èyí tó tóbi |
|---|---|---|
| 3/11, 3/13 | òkè bára mu | 3/11 |
| 4/9, 2/5 | òkè lè bára mu: 4/9, 4/10 | 4/9 |
| 6/13, 5/9 | ìdajì wà láàrin wọn | 5/9 |
| 14/15, 11/12 | ẹyọ kan ló kù kí kálukú pé | 14/15 |
| 9/20, 11/25 | ìdá ọgọ́rùn-ún: 45, 44 | 9/20 |
| 13/17, 10/13 | kò sí. Alágbèélébùú: 169, 170 | 10/13 |

(Ẹni tó bá rí ọ̀nà tó rọrùn fún èyí tó gbẹ̀yìn, ó gbọ́n ju tíṣà lọ. Ohun tó kù ni 4/17 àti 3/13. Ẹ mú òkè wọn bára mu, 12/51 àti 12/52.)

Ìdá ti kí ni?

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ gbà pé ohun kan náà ni a pín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà kankan nínú wọn tó ṣiṣẹ́. Bírikìlà tó po kọnkéré 1:2:4 (símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), símẹ́ńtì rẹ̀ jẹ́ ìdajì yanrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú méje ni nínú gbogbo ohun tó dà pọ̀. Ẹni tó bá fi 1/2 ti ọ̀kan wé 1/7 ti èkejì kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan.

Orílẹ̀-èdè yìí ti fi ìbéèrè yẹn lọ sí ilé ẹjọ́ rí. Nínú ìbò ààrẹ ti oṣù kẹjọ ọdún 1979, òfin ní kí ẹni tó máa wọlé ní, yàtọ̀ sí ìbò tó pọ̀ jù, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ni a ní nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti 2/3. Shehu Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ méjìlá. Ní Kánò, tó jẹ́ ìkẹtàlá, ìbò 243,423 ló ní nínú 1,220,763.

Ẹ fi ojú wò ó: díẹ̀ ló kù kó tó 1/5. Òkè bára mu, nítorí náà ìlà náà rọrùn: 1/6, lẹ́yìn náà 1/5, lẹ́yìn náà 1/4. Kò sí ẹni tó jiyàn lórí ìyẹn ní kóòtù. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó pe Shagari lẹ́jọ́, ní ìpínlẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a ń gé, mẹ́tàlá ni òfin ń wí, ó sì gbọ́dọ̀ ní 1/4 odindi Kánò. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò Shagari, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò ni a ó wò, kí a sì wá 1/4 nínú ìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 2/12, ìyẹn 1/6. Bí 1/4 bá jẹ́ òṣùwọ̀n, Shagari kò dé e. Bí 1/6 bá ni, ó ti kọjá rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Shagari láre. Nínú àwọn adájọ́ méje tó jókòó, Káyọ̀dé Èṣó nìkan ni kò gbà. Lójú tirẹ̀, Kánò odindi ni, 243,423 kò sì tó 305,191.